Ìgbà Mọ́kànlá Ni Dánìkanwà Kúrò Nínú Ẹgbẹ́

Ẹni bá gbọ́ ìtàn àbàtà yẹn lẹ́nu ẹlòmíràn, wọ́n ti bu iyọ̀ sí i fún un. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa mọ́tò nínú igbó bá Bàbá Káfíńtà lórí òrùlé jíìpù rẹ̀ láàárín àbàtà. Ẹrẹ̀ ti bo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti ń yọjú lójú fèrèsé. Bàbá ká ẹsẹ̀ jọ, ó ń mu tíì látinú fúláàsì.

"Ẹ kú ọ̀sán o, Bàbá," ni Alága ẹgbẹ́ wí. Dókítà eyín ni Alága, ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀. "Ṣé ẹ rì ni?"

"Ta ló rì? Mo páàkì ni."

"Nínú àbàtà?"

"Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká má páàkì ni?"

Alága ti ń tú okùn nígbà tí Akọ̀wé fọn fèrè. Tìṣà tó ti fẹ̀yìntì ni obìnrin yìí, fèrè tó fi ń lé ọmọ wọ kíláàsì náà ló ṣì ń gbé kọ́ ọrùn. Ó ní òfin wà. Wọ́n ti fa mọ́tò àjèjì kan rí, bọ́ńpà rẹ̀ já, onímọ́tò sì bú wọn dé ìdílé. Láti ọjọ́ náà, ọmọ ẹgbẹ́ tó ti buwọ́ lu ìwé ẹgbẹ́ nìkan ni okùn ẹgbẹ́ ń fà.

Bàbá wo Akọ̀wé, ó wo ẹrẹ̀. Jíìpù tún rì díẹ̀ sí i.

"Ẹ ju ìwé yẹn sókè," ló wí.

Orí òrùlé ló ti buwọ́ lu ìwé. Wọ́n kí i káàbọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fa jíìpù jáde. Bí táyà ẹ̀yìn ṣe fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ gbígbẹ báyìí, Bàbá tún béèrè bírò, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ orúkọ ara rẹ̀ pé, "Mo ti kúrò nínú ẹgbẹ́ yín. Ẹ ṣeun." Akọ̀wé wo aago, ó kọ àkókò tó wọlé àti àkókò tó jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún péré ni gbogbo rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Dánìkanwà. Inú rẹ̀ dùn sí orúkọ náà, àfi bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Kì í ṣe pé ó kórìíra èèyàn. Títò tẹ̀lé ara ẹni ni kò lè fara dà. Aago mẹ́jọ ni ẹgbẹ́ ń gbéra lọ́jọ́ Sátidé, mọ́tò mẹ́sàn-án lórí ìlà kan ṣoṣo: Akọ̀wé á fọn fèrè, gbogbo wọn á dúró mu omi, Akọ̀wé á tún fọn fèrè, gbogbo wọn á ya fọ́tò.

"Kí n máa wo ìdí mọ́tò ẹlòmíràn láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́," ni Bàbá máa ń wí, "ṣé ìdí yẹn ni mo wá wò nínú igbó?"

"Bàbá, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà," ni Akọ̀wé dá a lóhùn lọ́jọ́ kan.

"Òótọ́ ni, Tìṣà. Ṣùgbọ́n ìka kan ṣoṣo la ń tì bọ imú."

Jíìpù rẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ lé. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀, pákó ni Bàbá fi ń rọ́pò rẹ̀. Ọwọ́ ilẹ̀kùn, pákó. Ibi tí a ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé, pákó. Iwájú àga awakọ̀, dúrọ́ọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ìyá rẹ̀ ló kàn síbẹ̀, inú rẹ̀ ló ń kó ìwé mọ́tò sí. Tó bá fẹ́ ṣíná, á sọ̀ kalẹ̀, á fi òòlù kan ibì kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò fi ibẹ̀ han ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà kan, ó ní òun ti ṣe ohun tí òun ò fi ní nílò okùn ẹgbẹ́ mọ́ láéláé. Ó gbẹ́ àgbá igi kan, ó fi ọwọ́ sí i bíi ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, ó dè é mọ́ iwájú jíìpù. Tó bá rì, á so okùn àgbá náà mọ́ igi, á máa yí i, jíìpù á máa wọ́ bọ̀. Ó rì lóòótọ́. Ó so okùn mọ́ igi kan ṣoṣo tó wà nítòsí, ó yí i títí òógùn fi bò ó. Nígbà tí ẹgbẹ́ máa fi dé, jíìpù ṣì wà níbi tó wà. Igi ló jáde.

Alága wo igi tó dùbúlẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú gbòǹgbò. "Èmi náà máa ń yọ eyín," ló wí, "ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ bi oníeyín."

Bàbá na ọwọ́ gba bírò. Ìgbà kejì nìyẹn.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Nígbà kẹjọ, kó má baà fi àkókò ṣòfò, ó buwọ́ lu wíwọlé àti jíjáde pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Akọ̀wé ní kí wọ́n tú okùn, nítorí ẹni tó ti jáde kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ mọ́. Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi jiyàn, jíìpù sì ń rì lọ ní tiẹ̀.

Ẹni tí kò bá wọn rẹ́rìn-ín ni ìyàwó Bàbá. Ìdí káńtà pósófíìsì ló ti ń ṣiṣẹ́, ó mọ bí nǹkan ṣe ń sọnù lọ́nà. Ọkàn Bàbá sì ti ń ṣàìsàn. Dókítà ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé kó yé dá lọ sí ibi tí èèyàn ò sí.

"Kì í ṣe ikú yín ló ń bà mí lẹ́rù," ni ìyàwó rẹ̀ wí fún un lórí tábìlì oúnjẹ. "Kò sẹ́ni tí ò ní kú. Kẹ́ ẹ má kú síbi tẹ́nìkan ò ti ní di ọwọ́ yín mú, ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí ò ju ìyẹn lọ."

"Pákó ni mo fẹ́ lọ wò," ni Bàbá fèsì, ó sì gbé fúláàsì rẹ̀.

Obìnrin náà kò bá a jà. Bí jíìpù bá ti yà ní ìkòríta báyìí, á gbé fóònù, á pe Akọ̀wé. Ìdí tí ẹgbẹ́ fi máa ń ṣàdédé kọjá nítòsí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ni Bàbá béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ló ń gbé wọn wá sí gbogbo ibi tí òun bá wà. Alága ní ẹyẹ làwọn ń wò. Gbogbo wọn bá gbójú sókè.

Nígbà kejìlá tó rì, wọ́n fà á jáde, Akọ̀wé sì na bírò sí i bí ìṣe wọn. Bàbá ní ó rẹ òun, òun á kọ ọ́ nílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ìwé ò dé. Akọ̀wé fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá a.

"Bàbá, ìwé kíkúrò yín ni mo wá gbà."

Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, ó ti gbẹ. "Yíǹkì bírò mi ló tán, Tìṣà."

"Mo mú bírò wá."

"Èyí tó pupa yẹn? Mi ò fẹ́ràn pupa."

Akọ̀wé jókòó tì í títí di ìrọ̀lẹ́, kò sì mẹ́nu kan ìwé mọ́. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà ni Bàbá kú lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ìsìnkú, obìnrin náà ní òun fẹ́ fojú ara òun rí àbàtà tí ọkọ òun páàkì sí. Ẹgbẹ́ wá bá a nílé. Ó jókòó sáyè ọkọ rẹ̀ nínú jíìpù, ó yí kọ́kọ́rọ́, jíìpù ò dáhùn. Ó fa dúrọ́ọ̀ pé kóun mú òòlù, ó sì bá ìwé kan lórí òòlù náà. Ó nà án sí Akọ̀wé pé kó bá òun kà á, ojú òun ò ríran dáadáa. Irọ́ ni. Omi ló kún ojú rẹ̀.

"Tìṣà," ni ìwé náà wí, "ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkúrò yìí, kò lọ. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ìyàwó mi ló ń pè yín. Ẹ sọ fún Alága kó tún sàlẹ́ńsà mọ́tò rẹ̀ ṣe, láti òkèèrè la ti ń gbọ́ ọ, kò sẹ́yẹ tó lè dúró de irú ariwo yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó yá a jù. Ọjọ́ tí mi ò bá gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, mi ò wọ ẹrẹ̀ rí."

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Gbogbo wọn dìde, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa fi òòlù kàn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kan ibí, wọ́n kan ọ̀hún, jíìpù ò mira. Nígbà tó yá, Alága mú okùn jáde, ojú gbogbo wọn sì yí sọ́dọ̀ Akọ̀wé.

Akọ̀wé ṣí ìwé ẹgbẹ́. Ó fìka tọ orúkọ náà dé ìlà kejìlá. Àkókò tó wọlé wà níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí àkókò tó jáde wà ṣófo.

"Ọmọ ẹgbẹ́ ni," ló wí. "Ẹ so ó."

Bó ṣe di pé jíìpù Dánìkanwà wo ìdí mọ́tò Alága láti ilé títí dé àbàtà nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ló di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Kí wọ́n tó gbéra, ó yọrí lójú fèrèsé, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ rọra fà á o," ló wí. "Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá, a páàkì ni."