Ta Ló Wà Nínú Yàrá Òkè?

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ọmọ́rìnsọ́lá ka ìtàn náà, ó gbà pé òkú ló wà nínú yàrá òkè inú rẹ̀. Ọmọge ni nígbà náà, ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ níbi tí wọ́n bí i sí, ẹ̀rù ìwé náà sì bà á débi pé fún ọjọ́ mélòó kan, kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá fèrèsé yàrá rẹ̀ ní ṣíṣí.

Ìtàn òyìnbó àtijọ́ ni. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan gba iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ńlá kan tó dá dúró létí òkun. Wọ́n ti yàrá kan pa lókè ilé náà láti ìgbà tí òkun ti gbé ọmọkùnrin tó ń sùn níbẹ̀ lọ. Bí ọmọbìnrin náà bá ń ti etí omi bọ̀ nírọ̀lẹ́, á rí iná nínú yàrá náà, á rí ọkùnrin kan tó kẹ̀yìn sí fèrèsé. Bó bá bi àwọn ará ilé, wọ́n á yí ọ̀rọ̀ padà. Níkẹyìn, ó rí kọ́kọ́rọ́, ó gun àtẹ̀gùn, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ." Ibẹ̀ ni ìwé parí sí. Kò sọ ẹni tó rí, kò tilẹ̀ sọ bóyá ó rí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Ọmọ́rìnsọ́lá tún un kà, Èkó ló wà. Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ kì í jẹ́ kó gbélé, ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló jẹ́ pé òun nìkan ló ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rí òkú kankan nínú ìwé náà. Ó ní ìdánìkanwà ló mú ọmọ ọlọ́mọ, tó fi ń rí ohun tí kò sí. Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá kọ nǹkan mìíràn sínú ìdánwò, kò gba máàkì.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn gbé ìyá rẹ̀ dè. Ọmọ́rìnsọ́lá wálé wá tọ́jú rẹ̀ títí tí màmá fi sinmi, kò sì padà sí Èkó mọ́. Ó ríṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà kan nílùú. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó tún ṣí ìwé náà. Kò mọ ohun tí ì bá pe ẹni inú yàrá náà mọ́. Ohun tó mọ̀ ni pé, ká ní òun ni, òun náà á ṣí ilẹ̀kùn ọ̀hún.

Ó wá fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ìwé náà kà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Faith, ọ̀kan nínú wọn, kò dá wọ pálọ̀ ilé wọn mọ́ nírọ̀lẹ́. Bàbá rẹ̀, Olúwọlé, díákónì tó ti Èkó padà wá gbé ilé tí bàbá tirẹ̀ fi sílẹ̀ lẹ́bàá òkè Olósùnta, gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà lọ. Ó ní kí wọ́n kó ìwé ẹ̀mí èṣù kúrò níwájú àwọn ọmọ. Ọ̀gá àgbà ní ó di ìpàdé àwọn òbí.

Lọ́jọ́ ìpàdé, díákónì rojọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì mi orí sí i. Nígbà tó kan Ọmọ́rìnsọ́lá, kò jiyàn. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí òun sọ ìtàn náà fún wọn, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́. Ó fi Yorùbá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì dá a dúró síbẹ̀.

Esther, obìnrin kan tó ń yan gàrí, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, ta wá ló wà níbẹ̀? Ọmọ́rìnsọ́lá ní ìwé kò sọ.

Ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀. Matthew, àgbẹ̀ kan, ní kò sí òkú níbẹ̀: bí oòrùn bá ń wọ̀, á tan sára gíláàsì bí iná, ẹ̀wù tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri ni ọmọ náà sì ń pè ní ọkùnrin. Esther bi í pé, bó bá jẹ́ ẹ̀wù ni, kí ló dé tí àwọn ará ilé ń yí ọ̀rọ̀ padà? Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ dá sí i, ó ní lójú tòun, ọmọkùnrin náà kò kú rárá, ńṣe ni wọ́n fi í pamọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ní òótọ́ lè wà níbẹ̀.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Olúwọlé dìde.

"Tíṣà," ó ní, "Èkó ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú. Mi ò bá a. Láti ìgbà tí mo ti kó dé, mo máa ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ ní pálọ̀ nírọ̀lẹ́. Mo ti gbàdúrà, mo ti gbààwẹ̀, mo ń lé e bí èṣù. Tí kì í bá wá ṣe èṣù ńkọ́?"

Ọmọ́rìnsọ́lá mọ̀ pé bó bá jẹ́ nígbà tóun wà l'Ékòó ni, òun ì bá ti ní ìdáhùn lẹ́nu.

"Mi ò mọ̀, sà," ó wí. "Ìgbà mẹ́ta ni mo ka ìwé yìí, ọ̀nà mẹ́ta ló gbà yé mi. Èmi ni mò ń yí padà, ìwé ò yí. Ó lè jẹ́ òkú, ó lè jẹ́ ọkàn yín tó ń ṣàárò. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọmọbìnrin yẹn kò sá nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn."

Esther bá fi ohùn Ìkẹ́rẹ́ rẹ̀ sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ulé bàbá rẹ ni, díákónì. Wọ ulé rẹ."

Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ kíkó ìwé kúrò. Olúwọlé fúnra rẹ̀ ló ní kí Faith mú un wálé, kí òun náà kà á.

Òun àti ọmọ rẹ̀ jọ kà á ní pálọ̀ náà, ní àṣálẹ́, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ó sọ fún Ọmọ́rìnsọ́lá lẹ́yìn náà pé òun ṣì ń gbọ́ ikọ́ náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pé òun kò lé e mọ́, pé òun a máa kí i.

Ní kíláàsì, Àánúolúwa, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kì í fẹ́ fi máàkì ṣeré, bi Ọmọ́rìnsọ́lá pé kí wá ni káwọn kọ nínú ìdánwò. Ó dá a lóhùn pé kí kálukú kọ ohun tó rí, kó sì fi ibi tó ti rí i nínú ìwé hàn. Nígbà tó ń máàkì, ó rí i pé Faith kọ ọ́ pé ọmọbìnrin náà kò rí nǹkan kan, àárò ọkùnrin tí kò bá pàdé rí ló ń sọ ọ́. Ó fi kún un nísàlẹ̀ pé bàbá òun kò gbà, pé àwọn ṣì ń jiyàn rẹ̀ nílé. Ọmọ́rìnsọ́lá fún un ní máàkì tó pọ̀, ó sì mú ìwé ìdánwò ẹni tó kàn.