Ọjọ́ Tí Mo Gbé Fọ́ọ̀mù Onídùúró Múfú Lọ sí Ìlọ́bù

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní onírọ́, kí ó kọ́kọ́ wá sí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun kí n fi àga Múfú hàn án. Àga náà ṣì wà ní ọ́fíìsì wa. Kò sí ẹni tó ń jókòó lé e, títí kan Alhaja, ọ̀gá wa, tó fi owó ara rẹ̀ rà á.

Èmi kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù ń tètè bà. Àbójútó kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ mi, iṣẹ́ náà kò sì gba ojo. Bí iná bá lọ, bí nẹ́tíwọ̀kì bá kú, bí ọ̀gá bá ń pariwo, èmi ni wọn yóò pè. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní Ìlọ́bù, ní ọ̀sán gangan, tí oòrùn ń ràn, tí adìyẹ ń jẹ̀ kiri, ẹ gbà mí gbọ́, ẹsẹ̀ mi ló gbà mí lọ́jọ́ náà.

Ilé-iṣẹ́ Alhaja ń lọ oúnjẹ adìyẹ. Ìfọ́n ni ẹ̀rọ ìlọ̀ wà, a sì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìlọ́bù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín ìlú méjèèjì tipẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ará ibí kì í fẹ́ẹ́ dé ọ̀hún, tí ọ̀pọ̀ ará ọ̀hún kì í fẹ́ẹ́ dé ibí. Ọmọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni èmi. N kò bá ẹnikẹ́ni jà, nítorí náà èmi ni mo máa ń lọ, tí mo máa ń bọ̀.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà wa bẹ̀rẹ̀ sí í dákú lójoojúmọ́, a pe ilé-iṣẹ́ kan láti Òṣogbo kí wọ́n wá máa bá wa tọ́jú wọn. Nígbà tí wọ́n dárúkọ owó, Alhaja di orí mú. Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Alhaja ní òun kò jẹ ọbẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Múfútáù rìn wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé a ń wá oníkọ̀ǹpútà. Iye tó ní kí a máa san kéré débi pé Alhaja kò tilẹ̀ ná an. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀ yẹn.

Ọmọ náà mọṣẹ́! Kí oṣù tó parí, ó ti so kọ̀ǹpútà Ìfọ́n mọ́ ti Ìlọ́bù. Àwọn ọmọ yàhúù tó máa ń fi lẹ́tà ẹ̀tàn ránṣẹ́ sí wa, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ìwọ̀n oúnjẹ wa, ìyẹn bí àgbàdo, sóyà àti egungun lílọ̀ ṣe ń pọ̀ tó nínú àpò kọ̀ọ̀kan, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó fi pásíwọ́ọ̀dù tì í pa kí olè má baà jí i. Inú Alhaja dùn débi pé ó dáná sun ìwé tó kọ ìwọ̀n náà sí tẹ́lẹ̀. Ó ní ààbò nìyẹn.

Pásíwọ́ọ̀dù náà, Múfú nìkan ló mọ̀ ọ́n. Èmi alábòójútó kò béèrè. Ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi.

Bí ẹ bá ń rò pé ó yẹ kí n ti mọ ohun tó jẹ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọkùnrin yìí máa ń jẹ mọ́ínmọ́ín mẹ́rin ní ìjókòó kan, ó sì máa ń lá ewé rẹ̀. Ó máa ń rẹ́rìn-ín. Ó máa ń kọrin nídìí iṣẹ́, ohùn rẹ̀ kò sì dára. Ta ni yóò wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí yóò ronú kan ibojì?

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ṣàkíyèsí. Múfú kì í dé Ìlọ́bù. Bí kọ̀ǹpútà ọ̀hún bá ṣòjòjò, orí àga rẹ̀ ní Ìfọ́n ni yóò ti tún un ṣe. Gbogbo wa rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, a kò sì bi í. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe é, tí ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀, obìnrin tó ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù sá jáde, ó ń ké pé iwin ti wọ ẹ̀rọ. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní, "Iwin kọ́, Múfú ni."

Ẹ ò rí ayé.

Nígbà tó yá, oko adìyẹ ńlá kan fẹ́ máa ra oúnjẹ lọ́wọ́ wa. Wọ́n ní àwọn yóò rán ènìyàn wá ní ọjọ́ Ajé láti wo ìwé ẹni tó ń ṣọ́ àṣírí ilé-iṣẹ́ wa àti onídùúró rẹ̀. Alhaja yíjú sí mi.

"Fọ́ọ̀mù onídùúró Múfú dà?"

"Alhaja, ẹ má bínú, a kò tíì gbà á."

"Kí o gbà á, kí o lọ wo ilé náà fúnra rẹ. Bí kò bá pé kí ọjọ́ Ajé tó dé, má wulẹ̀ wá síbi iṣẹ́ mọ́."

Mo ní ọmọ mẹ́ta nílé ìwé, n kò sì lè ṣeré pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í da Múfú láàmú. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń fi ẹ̀rín sá fún mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ọjọ́rú, ó gba bírò, ó kọ ọ́. Ó lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi orúkọ ìyá rẹ̀ ṣe onídùúró, ó sì kọ àdírẹ́sì ilé kan ní Ìlọ́bù.

Mo ní, "Ọmọ Ìlọ́bù ni ọ́, o ò sì lè dé Ìlọ́bù?"

Ó wo ilẹ̀. "Àǹtí, tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ bá mi kí wọn."

Ní ọjọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí mo dé ilé náà. Ìyá àgbà kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí, ó fi aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, Mama. Ẹ kú ìjókòó o."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, Mama. Múfútáù ló ní kí n wá sọ́dọ̀ yín."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí. Mo rò pé kò gbọ́, mo na fọ́ọ̀mù náà sí i. Kò wo ìwé náà, fọ́tò nìkan ló wò. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹ̀wù tó wọ̀ yìí," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ, "inú àpótí mi ló wà."

Mo rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Mo ní, "Mama, ó wọ̀ ọ́ wá síbi iṣẹ́ lánàá."

Ó fi ọ̀bẹ kékeré ọwọ́ rẹ̀ júwe ẹ̀gbẹ́ ilé, lábẹ́ igi ọsàn kan, níbi tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ gbọọrọ. "Ọmọ mi ló wà níbẹ̀ yẹn. Ó di ọdún kẹrin."

Mo ń sọ nínú ara mi pé Múfútáù pọ̀ ní Ìlọ́bù, pé ojú arúgbó ni. Ibi tí mo ti ń tan ara mi jẹ báyìí ni fóònù mi dún. Orúkọ tó yọ lójú rẹ̀ ni "Múfú Kọ̀ǹpútà".

Ẹ̀yin yóò ní kí ló dé tí n kò jù ú nù. Owó tí mo fi rà á kò jẹ́ kí n jù ú nù.

"Àǹtí," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ẹ ti dé ibẹ̀. Kí ni màmá mi ń ṣe?"

"Ẹ... ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó."

"Ṣé ẹsẹ̀ wọn ti sàn?"

Mo wo aṣọ tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá náà. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni mo ti ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, nítorí mo fẹ́ mọ ẹni tí yóò máa fi "ìwọ" bá òkú sọ̀rọ̀.

"Kò tíì sàn tán, sà."

Ó ní, "N kò lè padà sí Ìfọ́n mọ́, Àǹtí. Ẹ ti mọ̀ mí báyìí."

Ó yẹ kí n ti sá nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé iṣẹ́ mi wà nínú ewu, Alhaja sì ti dáná sun ìwé. Ẹnu mi ló ṣáájú mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Pásíwọ́ọ̀dù ńkọ́?"

Ẹ gbọ́ mi, òkú náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ tí mo mọ̀ ni. "Oríkì mi ni. Ẹ ní kí màmá mi pè é fún yín."

Mo yíjú sí ìyá náà, mo sì ṣe àlàyé bí ahọ́n mi ti lè ṣe é mọ. Mo rò pé yóò lé mi jáde. Kò lé mi. Omi kún ojú rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí a ti sin ín," ó ní, "n kò tíì fi ẹnu mi pè é. Bí mo bá pè é, tí kò sì dá mi lóhùn ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Èmi náà bímọ. Mo fẹ́ sọ fún un pé kí ó fi í sílẹ̀, kí iṣẹ́ lọ bí yóò bá lọ. Ṣùgbọ́n ó ti gbé àtẹ ẹ̀gúsí kúrò lẹ́sẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì pe ọmọ rẹ̀ ní oríkì.

Fóònù kú lọ́wọ́ mi. Láti inú ilé, ní ẹ̀yìn ìyá náà gan-an, ohùn kan dáhùn.

"Ìyá mi, mo ti dé."

Mo retí pé ìyá náà yóò figbe ta. Ṣe ni ojú rẹ̀ tàn. Ó di ògiri mú, ó dìde, ó wọlé, kò wẹ̀yìn. Èmi ti bọ́ bàtà, mo ti dé títì. Mi ò tilẹ̀ rántí fọ́ọ̀mù. Ọlọ́kadà tó gbé mi béèrè pé ṣé olè ni wọ́n ń lé.

Ní Ìfọ́n, àga Múfú ṣófo. Ààbọ̀ mọ́ínmọ́ín ṣì wà lórí tábìlì, ó ṣì ń gbóná. Mo tẹ oríkì náà sínú kọ̀ǹpútà, gbogbo ìwọ̀n oúnjẹ adìyẹ sì yọ. Ẹ má retí pé kí n kọ oríkì náà síbí o. Pásíwọ́ọ̀dù ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, fọ́ọ̀mù dé láti ṣọ́ọ̀bù Ìlọ́bù. Wọ́n ní ìyá àgbà kan ló mú un wá. Ó ti tẹ ìka sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti yá débi pé ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Àlejò wa wo fọ́ọ̀mù náà, ó ní kò kù síbì kan. Èmi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ mi.

Mo máa ń rò ó títí di òní. Àwọn àkúdàáyà tí bàbá mi ń sọ ìtàn wọn, Òkè Ọya ni wọ́n máa ń sá lọ, níbi tí ojúlùmọ̀ wọn kankan kò lè dé. Múfú kò lọ jìnnà. Ìlú kejì, tí àwọn ará Ìlọ́bù kì í fẹ́ẹ́ dé, ló lọ, ó sì tó o láti fi fara pa mọ́. Ìyẹn ń bà mí lẹ́rù ju ohùn inú ilé yẹn lọ. Ó lè kọ àdírẹ́sì èké sórí fọ́ọ̀mù náà. Kò kọ ọ́.

Òfin iṣẹ́ wa ni pé bí òṣìṣẹ́ bá ti lọ, kí a yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà. Alhaja ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. N kò tíì yọ ọ́. Lójoojúmọ́, ní ọ̀sán gangan, orúkọ Múfú máa ń tàn lójú kọ̀ǹpútà mi. Kọ̀ǹpútà Ìlọ́bù ló ń lò báyìí. Ẹ̀rọ ọ̀hún kò sì tíì bàjẹ́ láti ọjọ́ náà.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ jù, tí owó rẹ̀ kò wọ́n, tí ìlú kan sì wà tí kò lè dé, ẹ gba pásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó béèrè onídùúró. Bí ẹ bá sì ra oúnjẹ adìyẹ ní Ìlọ́bù lọ́sàn-án, tí ẹ rí ọfà kékeré náà tó ń rìn láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀, ẹ má sá, ẹ má sì pe orúkọ rẹ̀. Ẹ kàn ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà."