Oaxaca, Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Ṣe Òkú Lálejò

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí Ráfíù fi gbé mọ́tò rẹ̀ wá sẹ́nu géètì wa ní Festac. Ọmọ onílẹ̀ ni ní Kuje-Amuwo, òun ló máa ń gbé wa bí ọ̀nà bá jìn. Ìyàwó mi ní kí n bá òun kí Túndé, ọmọ wa tó gbéyàwó sí Mẹ́síkò, tí mò ń lọ bẹ̀ wò. A ti kọjá Mazamaza kí Ráfíù tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Dádì, wọ́n ní wọ́n ń gbé oúnjẹ fún òkú níbẹ̀ o. Ṣé Pásítọ̀ yín mọ̀ sí i?"

"Wo iwájú ẹ, jàre."

Láti bàálù kan dé òmíràn, ẹsẹ̀ mi wú. Túndé wá pàdé mi ní olú ìlú wọn, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Oaxaca. Ọ̀nà náà dán, àmọ́ ó kọ́lọkọ̀lọ láàárín òkè débi pé mo di àga mú. Níbi tí a ti sinmi, mo fi ogún péésò ra tamal, ìyẹn àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi ewé pọ́n sè bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ata inú rẹ̀ tó ti ilé wa.

Ilé Elena, ìyá ìyàwó Túndé, la dé sí. Túndé lọ gbé ẹrù, kò sì sí ẹnì kankan ní pálọ̀. Mo rí tábìlì kan tí wọ́n fi òdòdó aláwọ̀ ọsàn àti àbẹ́là ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, pẹ̀lú fọ́tò ọmọkùnrin kékeré kan àti búrẹ́dì tí wọ́n da ṣúgà sí lórí. Lọ́dọ̀ wa, bí fọ́tò òkú bá wà tí oúnjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìnáwó ìrántí ni, àlejò ló sì ni oúnjẹ. Mo jókòó, mo bu búrẹ́dì jẹ.

"Dádì, oúnjẹ òkú lẹ jẹ yẹn," Túndé wí nígbà tó wọlé.

Ó ṣàlàyé pé ofrenda ni wọ́n ń pe tábìlì náà: lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé oúnjẹ síbẹ̀ de àwọn èèyàn wọn tó ti kú. Ọmọ Elena ló ni búrẹ́dì yẹn. Ojú tì mí gan-an. Ṣùgbọ́n Elena, tó wọlé tẹ̀ lé e, rẹ́rìn-ín, Túndé sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ó ní ọmọ òun fẹ́ràn àlejò. Ó ní ṣé ẹ̀yin náà ò ní ọmọ tí ẹ lè pè wá bá a ṣeré?"

Èmi àti Túndé wo ara wa. Bísọ́lá, àbúrò rẹ̀, kú nígbà tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í sin ọmọ. Àwọn àgbà ló gbé e lọ, wọn kò fi sàréè hàn wá. Wọ́n kó fọ́tò rẹ̀ kúrò nílé, wọ́n ní ká má dárúkọ rẹ̀ mọ́ kí ìyá rẹ̀ lè gbàgbé. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Láti ìgbà náà, èmi àti ìyàwó mi ò pè é létí ara wa rí, ó sì ń dùn mí pé ó ti lè ku èmi nìkan tó ń rántí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Elena mú mi lọ sọ́jà, níbi tí wọ́n ti ń ta agbárí tí wọ́n fi ṣúgà ṣe. Ká ní Festac ni, mi ò bá ti sá. Wọ́n máa ń kọ orúkọ òkú sí iwájú orí rẹ̀. Ọlọ́jà béèrè orúkọ.

"Bísọ́lá," ni mo wí, omijé sì bọ́. Elena di ọwọ́ mi mú títí wọ́n fi kọ ọ́ tán. A gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọmọ rẹ̀, mo sì bu gúgúrú tì í, torí gúgúrú ni Bísọ́lá fẹ́ràn jù. N kò lè dúpẹ́ oore obìnrin yẹn tán.

Nígbà tí mo padà délé, ìyàwó mi gbé oúnjẹ fún mi, mi ò lè jẹ ẹ́. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì pe orúkọ náà. Ó gbé abọ́ oúnjẹ náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rò pé mo ti ṣe é léṣe.

"Bàbá Túndé," ó ní, "ojoojúmọ́ ni mò ń pè é tí ẹ bá ti jáde. Ẹ̀yin ni mi ò fẹ́ kó dùn."