Abẹ́rẹ́ tí Táíwò gbà, tí Kẹ́hìndé ò gbà

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí lórí àwọn ìbejì mi. Àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí!

Okokomaiko là ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ lọ ta ike mi ní Ìyànà Ìbà, ni alájọgbé wa bá gbé ọmọ rẹ̀ jáde. Ara ọmọ náà sú, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wúkọ́. Èèyi ni! Àná ọjọ́ náà ni wọ́n gbé e dé láti Ijanikin, òun àtàwọn ìbejì mi sì ti jọ jẹ bisikíìtì nínú abọ́ kan náà.

Mo ní kò sí wàhálà, ṣebí àwọn tèmi ti gba abẹ́rẹ́ èèyi ní oṣù mẹ́sàn-án. Màámi, ìyá ọkọ mi, ni mo bẹ̀ pé kí wọ́n gbé wọn lọ.

Ni Màámi bá wọlé lọ yọ káàdì méjèèjì nínú Bíbélì wọn. Nọ́ọ̀sì ti fọwọ́ sí ìlà abẹ́rẹ́ èèyi lórí ti Táíwò. Ti Kẹ́hìndé ṣófo!

Ẹ wá gbọ́ àlàyé Màámi. Wọ́n ní ṣebí Táíwò ló kọ́kọ́ wá bá Kẹ́hìndé tọ́ ayé wò, kó bá a tọ́ abẹ́rẹ́ náà wò. Ara Táíwò wá gbóná lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rù bà wọ́n, wọn ò gbé Kẹ́hìndé lọ mọ́. Oṣù mẹ́rin gbáko! Mi ò lè bú ìyá ọkọ mi, mo kàn bú sẹ́kún.

Mo gbé Kẹ́hìndé, ó di ilé ìwòsàn. Màámi ń sáré tẹ̀ lé mi, sìlípáàsì ẹsẹ̀ wọn ò bára mu.

Nọ́ọ̀sì fún Kẹ́hìndé ní abẹ́rẹ́ náà, wọ́n ní ibà Táíwò ìjọ́sí, ara rẹ̀ ló ń kẹ́kọ̀ọ́. Abẹ́rẹ́ yẹn fi kòkòrò èèyi tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ han ara. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ dá ojú rẹ̀ mọ̀, wọ́n rọ ohun ìjà tó bá a mu, wọ́n sì fi àwọn kan ṣọ́nà tí kò ní gbàgbé. Tó bá tún yọjú, kíá ni wọ́n á bò ó. Ti Kẹ́hìndé ńkọ́? Òní lara tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa gba ọjọ́ bíi mélòó kan. Nọ́ọ̀sì ní bá a ṣe tètè dé yẹn, ó ṣeé ṣe kó kọ́ ọ tán kí èèyi tó gbilẹ̀. Ó ṣeé ṣe ni wọ́n sọ o, wọn ò ní ó dájú!

Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ irú ọjọ́ tí mo kà? Gbogbo ìgbà ni mò ń bọ́ aṣọ ọmọ, tí mò ń wo ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ, Kẹ́hìndé gbóná! Ṣé abẹ́rẹ́ ni àbí èèyi? Alájọgbé wa gbé ẹmu wá pé kí n fi pa á lára. Màámi ló kọ̀ jálẹ̀, àwọn ló tún kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ kejì, ibà náà lọ. Ara ọmọ ò sú! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Nígbà tí wọ́n pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí abẹ́rẹ́ kejì tó, nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sí Táíwò. Màámi ní, “Rárá o. Kẹ́hìndé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gún.”

Táíwò lè bá Kẹ́hìndé tọ́ ayé wò, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò lè bá a kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ dìde báyìí, ẹ lọ wo káàdì ọmọ yín, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi níbí: ṣé ìlà kankan ò ṣófo níbẹ̀?