Ọgọ́ta Igi Kòkó

Ọgọ́ta igi kòkó ni Pius fọwọ́ ara rẹ̀ gé lulẹ̀ ní Araromi-Obu, nígbà tí ìjọba ní àwọn ń wá ilẹ̀ tí àwọn yóò kọ́ ilé ìwòsàn sí. Kì í ṣe ilẹ̀ tó ti ṣá o. Ibi tí kòkó rẹ̀ ti ń so jù ló yọ̀ǹda, torí pé ó sún mọ́ ọ̀nà. Ọmọ́wùmí, ìyàwó rẹ̀, bínú. Ó ní, "Bàbá Inúmidùn, ẹ ò kúkú fún wọn ní ìdajì?" Pius kàn rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí ara rẹ̀ bá le ló ń jẹ èrè kòkó.

Wọ́n kọ́ ọ lóòótọ́. Wọ́n kọ "Ìlera Loògùn Ọrọ̀" gàdàgbà sára ògiri, wọ́n gbé fíríìjì oògùn wọlé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Nọ́ọ̀sì kan wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́ta, lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó rí i mọ́. Wọn ò sanwó fún un, wọn ò fún un ní iná, ṣé afẹ́fẹ́ ni yóò máa jẹ ni? Nígbà tó yá, àwọn ará abúlé ń sá kòkó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀, torí pé sìmẹ́ńtì rẹ̀ máa ń gbóná dáadáa. Pius náà ń sá tirẹ̀.

Ní oṣù Ọ̀wàrà èṣí, Ọmọ́wùmí ń ṣa kòkó jọ nígbà tí paramọ́lẹ̀ ṣán an lẹ́sẹ̀. Pius gbé e pọ̀n, ó sáré. Ilé ìwòsàn yẹn náà lẹsẹ̀ gbé e lọ, bí ẹni pé kò mọ̀ pé àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró lórí kòkó tí òun fúnra rẹ̀ sá, ó ń gbá ilẹ̀kùn. Kó tó rí ọ̀kadà tí yóò gbé wọn la ẹrẹ̀ já dé Ore, oòrùn ti ń wọ̀. Ọmọ́wùmí ò dé ibẹ̀ láàyè. Ọ̀rọ̀ náà dunni wọra.

Lọ́dún yìí, kòkó Pius ò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Òun ló máa ń já a. Ọmọ́wùmí ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kí wọ́n tó sá a, àti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n ṣí i. Èyí tó pọ̀ jù ló bu. Ọ̀gbẹ́ni kan láti ọ́fíìsì ìjọba, Láoyè, gbé fọ́ọ̀mù wá, ó ń wádìí ìdí tí kòkó agbègbè náà fi ń dínkù.

"Bàbá, ṣé igi yín ti gbó ni?"

"Igi ò gbó, sà. Ẹni tó ń bá mi ṣe é ló kú."

Láoyè yẹ fọ́ọ̀mù náà wò síwá sẹ́yìn. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Ẹ má bínú, kò sáyè ìyẹn níbí." Ó kọ ọ́ pé igi ti gbó.

Lóṣù kejì, ọkọ̀ ìjọba kó ọmọ igi kòkó ọ̀fẹ́ dé láti fi rọ́pò igi tó gbó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni wọ́n tò wọ́n sí, níwájú àgádágodo. Wọ́n pe Pius pé kó wá gba tirẹ̀. Ó béèrè iye tó kàn án, wọ́n ní ọgọ́ta.

"Ọgọ́ta náà ni mo gé," ni Pius wí. Ó yíjú padà, ó sì lọ sílé lọ́wọ́ òfo.