Àga Ẹnu Ọ̀nà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara dà á fún mi. Kíláàsì kejì girama ni ìwé mi mọ, n kò sì mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dárà. Bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ ni n ó kọ.

Sínágọ́gù kékeré kan, ilé àdúrà àwa tí a ń ṣe ẹ̀sìn Júù, wà ní Òdòdè, ní Ìdànrè wa níbí. Pálọ̀ kan ṣoṣo ni. Ní ọ̀sán Sátidé, lẹ́yìn àdúrà, a máa ń jókòó yíká, a ó ka ìpín Tórà, ìwé òfin Mósè, ti ọ̀sẹ̀ náà, a ó sì jọ jíròrò lé e lórí. Èmi kì í la ẹnu. Àbúrò mi obìnrin, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ni ó máa ń béèrè nǹkan. Ó bi wọ́n nígbà kan pé ta ni ó ń bá Nóà kó ìgbẹ́ ẹran dànù nínú ọkọ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Nítorí àtigbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín àwọn àgbà ni mo ṣe ń lọ.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ìpín wa bọ́ sí ibi tí ìwé Léfítíkù ti sọ pé àga tí obìnrin tí ó ń ṣe nǹkan oṣù bá jókòó lé di aláìmọ́. Olùkọ́ wa, ọkùnrin tí ó ń darí ìjọ, kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó kọjú sí àwa obìnrin.

“Ta ni ó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí? Kí ó dìde.”

Kò sí ẹni tí ó mira. Ní ìjọ aláṣọ funfun tí a ti wá, obìnrin tí ó bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ kì í wọ ilé àdúrà. Ṣùgbọ́n fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó sílé. Kò sí ọkùnrin tí yóò bi í léèrè ní gbangba.

Ọkùnrin tí ó ní kẹ́mísì ní àdúgbò wa ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́. Ó na ìka sí àbúrò mi.

“Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mọ irọ́ pa o! Ṣé kì í ṣe ọmọ yìí ni ó wá ra páàdì lọ́wọ́ mi lánàá?”

Àwọn ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, “Ìyàwó ti dé nìyẹn!” Òmíràn ní, “Ẹ sún sẹ́yìn o, kí ó má kó bá wa.”

Ìyá àgbà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fapá jánú. “Ojú ò tì yín? Ibo ni ìwé ti ní kí ẹ máa tú ọmọ ọlọ́mọ síhòòhò?”

“Ẹ ṣe sùúrù, Màmá,” ni Olùkọ́ wí. “Òfin ni a ń kọ́.”

Ó ní kí àbúrò mi gbé àga rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí a ń bọ́ bàtà sí. Ó gbé e lọ, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí wa. Wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ: ọjọ́ mélòó, bí aṣọ bá kàn án ńkọ́. Ẹnu tí ẹlẹ́kẹ́mísì fi ń jẹ ẹ̀pà ni ó fi ń ṣàlàyé àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Èérún ẹ̀pà ń bọ́ láti ẹnu rẹ̀ sórí ìwé mímọ́ tí ó wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a dànù.

Kí a tó tú ká, Olùkọ́ pàṣẹ pé bí Ọjọ́ Ìsinmi bá ti parí, kí wọ́n fi omi ọṣẹ fọ àga náà.

Lójú ọ̀nà, àbúrò mi ní, “Àńtí, mi ò lọ mọ́. Ẹ má bẹ̀ mí.”

“Mi ò bẹ̀ ọ́.”

A dé ojúlé wa. “Mo ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ bi wọ́n tẹ́lẹ̀,” ó ní. Mo ní kí ó bi mí. Ó kọ̀, ó wọlé lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nǹkan oṣù tèmi náà dé. Èmi ni gbígbá sínágọ́gù kàn, mo sì lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo gbálẹ̀ tán, mo wá jókòó lórí àwọn àga náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ti Olùkọ́. Mo pẹ́ díẹ̀ lórí ti ẹlẹ́kẹ́mísì. Lẹ́yìn náà mo gbé èyí tí wọ́n fọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, mo tò ó mọ́ àwọn yòókù, mo sì ti ilẹ̀kùn.