Koríko Tí Kò Fẹ́ Ìtọ́jú

Títí dòní, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ tí olóògbé Bàbá Kanematsu dùbúlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ ìgékoríko, ní abúlé wa lẹ́sẹ̀ òkè Hakone nílẹ̀ Japan. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ ọ̀wẹ̀, tí ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yọ ẹnì kan láti wá ro etí títì. Morozumi, alága àdúgbò, ló di ẹ̀rọ mú. Ó ti gé koríko bọ̀ láti ìsàlẹ̀, àfi bó ṣe rí ẹni ọgọ́rin ọdún tó nà gbalaja síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ dìde. Koríko là ń gé."

"Lọ gé koríko ẹgbẹ́ rẹ. Èyí kọlà, ọmọ ilé rere ni."

"Ó ti bọ́ sétí títì."

"Títì ló wá bá a. Bàbá mi ti gbìn ín kí wọ́n tó la títì."

Morozumi pa ẹ̀rọ, wọ́n gbé tíì tútù wá. Ilẹ̀ tí Bàbá dùbúlẹ̀ sí náà ló ti mu tirẹ̀.

Lóòótọ́, koríko náà rẹwà. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó dorí kodò, ilà yẹ́lò sì gùn látòkè délẹ̀ lára rẹ̀. Bàbá a sì máa yangàn: "N kì í bomi rin ín, n kì í fi ajílẹ̀ sí i. Ẹ ṣáà fi sílẹ̀, kò fẹ́ ìtọ́jú kankan."

Ó bu díẹ̀ fún Morozumi, òun náà gbìn ín sẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi sílẹ̀. Ọdún méjì kò pé tí gbogbo ilà fi pòórá.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n fi sílẹ̀."

"O fi sílẹ̀, àmọ́ ò ń wò ó. Ojú rẹ ti le jù."

Bàbá kú nígbà òtútù. Nígbà tí koríko rẹ̀ tún hù, ewé tí kò nílà ló pọ̀ jù. Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Morozumi lọ sọ́dọ̀ ìyàwó olóògbé, Ìyá Fusae, ó sun tùràrí fún òkú, lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun tó ṣe koríko.

"Alága, wọn ó gé e, àbí?" ni ìyá bi í. "Ìdájìdájí lọkọ mi máa ń kúnlẹ̀ tì í, tí á máa fa èyí tí kò nílà tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ogójì ọdún ló fi ṣe é. Tó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn, á ní bọ́tìnì òun lòun ń wá. Èmi ìbá máa ṣe é, ojú mi ni ò ríran mọ́."

Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Morozumi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún.

Nígbà tí ọjọ́ ọ̀wẹ̀ pé, ó gé koríko bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Bó ṣe dé iwájú ilé Ìyá Fusae, ó pa ẹ̀rọ, ó sì gbé e kọjá. Ilà yẹ́lò kún ibẹ̀.

"Alága, ẹ ò gé tibí," ni ẹni tó tẹ̀ lé e wí.

"Èyí kọlà, ọmọ ilé rere ni."

"Iṣẹ́ rẹ̀ á mà pọ̀ o."

"Iṣẹ́ wo? Kò fẹ́ ìtọ́jú kankan," ni Morozumi dáhùn, ó sì rọra gbọn iyẹ̀pẹ̀ orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ dànù.